Ìdajì Ohùn

Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni mo ti ń tẹ píánò fún wọn,
èmi Ceinwen, obìnrin kan ṣoṣo nínú yàrá náà,
ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Cwm Hesgyn,
níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń wúkọ́ bí àgbà.

Èémí ni mo fi mọ̀ wọ́n, kì í ṣe ojú.
Mo mọ ẹni tó jẹ àlùbọ́sà. Mo mọ ẹni tó ti sunkún kó tó dé.
Mo mọ̀ pé Mostyn yóò ṣíwájú gbogbo ayé wọnú orin
bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé, àádọ́rùn-ún ni wọ́n.
Wọ́n á ti kòtò èédú bọ̀, wọ́n á wẹ̀, wẹ̀, wẹ̀,
èédú á ṣì kù létí ìpéǹpéjú wọn bí tìróò:
géńdé ọkùnrin olójú ìyàwó,
tí wọ́n ń kọrin nípa ọ̀dọ́ àgùntàn.

Ìjọba ti kòtò náà pa. Koríko hù lórí òkìtì èédú,
àgùntàn ń jẹ níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí.
Orin nìkan ni wọn kò rí tì.
Ṣùgbọ́n ikú ń yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
Mọ́kàndínlógún ló kù. Tẹ́nọ̀ kejì mẹ́ta péré,
etí ọ̀kan nínú wọn sì ti di.

Idwal máa ń gbé ìgò afẹ́fẹ́ wá, á gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ bí ajá.
Eruku ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán; ẹnu lásán ló ń là.
Elfed tó ń darí wọn mọ̀. Kò wí nǹkan kan.
Bí wọ́n bá dé ibi tí báàsì ti ń sọ̀ kalẹ̀,
dò, tì, là, sò,
bí àpótí irin tó ń sọ ènìyàn kalẹ̀ sínú ilẹ̀,
Idwal á dijú,
mo sì búra pé mo gbọ́ ọ.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ dé lóṣù Kẹta: Macsen, ọmọ ogún ọdún,
tó ń fi ọkọ̀ pín ẹrù káàkiri, bàtà rẹ̀ funfun.
Kò mọ sólfà. Èdè Welsh rẹ̀ kò kún ṣíbí.
Ó ní, "Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí?"
Mostyn ní, "Kọ ọ́ ná. Á túmọ̀ ara rẹ̀ fún ọ."
Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ìtumọ̀ sẹ́yìn páálí bísíkíìtì fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí kan.
Bí wọ́n bá kọrin láìsí píánò, tí wọ́n parí,
mo máa ń fi ìka kan tẹ eyín píánò, wẹ́rẹ́,
kí n mọ̀ bóyá wọ́n ti jábọ́.
Ẹni tó ru omi kì í mọ̀ pé òun ń dà á sílẹ̀
títí yóò fi délé.

Ọjọ́bọ̀ la sin Idwal. Òjò Cwm Hesgyn
kì í ti òkè wá, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà.
Wọ́n yí sàréè ká, kóòtù kan náà, táì kan náà,
omi ń kán nímú Tegwyn.
Ọwọ́ mi kò mọ ibi tí yóò wà. Mo kì í bọ àpò.

Wọ́n dé ibi tí báàsì ti ń sọ̀ kalẹ̀.
Mo dúró de àlàfo náà; mo ti mọ bó ṣe fẹ̀ tó.
Ohùn kan bọ́ síbẹ̀, ó le, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè,
bàtà funfun nínú ẹrẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

Mo délé, n kò bọ́ kóòtù. Mo ṣí píánò,
mo wá ohùn tí wọ́n fi parí, tí mo há mọ́ ọ̀fun láti ibojì wá,
nínú ọkọ̀, nídìí iná pupa, níwájú ṣọ́ọ̀bù alápatà.
Wọ́n ti jábọ́. Ìdajì ohùn, bóyá ó lé díẹ̀.

Elfed pè mí lálẹ́. Ó ní, "Ceinwen, ṣé a dúró?"
Mo ní, "Ẹ dúró, Elfed. Ẹ dúró digbí."